Bí A Ṣe Lè Bẹ̀rẹ̀ Ètò Pọ́díkáàsì ní Ìlọrin

  Olóòtú ètò yìí ni ó ní kí n wá ṣí ọ̀rọ̀, kí àwọn ọ̀rẹ́ mi méjèèjì tí wọ́n jókòó lápá ọ̀tún mi tó yẹ̀ ẹ́ wò síwá àti sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n yàn fún mi ni ti ẹ̀rọ, sọ́fítíwíà àti ibùgbé tí ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ètò pọ́díkáàsì yàn. Ìlọrin ni mo ti ń sọ̀rọ̀, àwa ará Ìlọrin ni mo sì ní lọ́kàn jù lọ, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá wúlò fún wa níhìn-ín yóò wúlò fún ará Ọ̀fà àti ará Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú.

Kí ni à ń pè ní pọ́díkáàsì? Àwọn bàbá wa pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé ó ń bá wa sọ̀rọ̀, kì í sì í gba èsì lẹ́nu wa. Kì í dúró de ẹnikẹ́ni pẹ̀lú: bí ènìyàn bá ti ọjà dé lẹ́yìn tí ètò ti parí, ó ti parí nìyẹn. Àbúrò rédíò ni pọ́díkáàsì, ṣùgbọ́n ó ní sùúrù ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ètò ohùn ni, tí a gbà sílẹ̀, tí a gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ó sì ń jáde ní ìpín-ìpín. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn rẹ̀ lè sọ fún fóònù rẹ̀ pé kí ó máa gba ìpín tuntun wá fún òun. Ó lè gbọ́ ọ lónìí, ó lè gbọ́ ọ lọ́dún tí ń bọ̀, ó sì lè dá a dúró kí ó lọ kírun, kí ó padà wá bá a níbi tí ó fi í sí. Ní oṣù kejì ọdún 2004 ni Ben Hammersley lo orúkọ yìí nínú ìwé ìròyìn The Guardian ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó di oṣù kẹfà ọdún 2005, ilé-iṣẹ́ Apple fi àyè gba irú ètò bẹ́ẹ̀ nínú iTunes wọn, ó sì tàn ká ayé láti ìgbà náà.

Èéṣe tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan àwa ará Ìlọrin? Ẹnu-dùn-ju-iyọ̀ ni wọ́n ń fi kún orúkọ ìlú wa. Ìlú oníwàásí ni, ìlú onídadakúàdà ni, ìlú àwọn obìnrin tí wọ́n mọ wákà kọ ni. Bí a bá gbọ́ ohùn Odòlayé Àrẹ̀mú lónìí, ẹni tí ó ti kú láti ọdún 1997, ohun tí ó mú kí a gbọ́ ọ ni pé àwọn kan gba ohùn náà sínú àwo kí ó tó di pé ilẹ̀ gbà á. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn alágbà wa ni ẹnì kan gbé ẹ̀rọ lọ bá? Mélòó nínú àwọn olùkọ́ wa tí wọ́n mọ èdè yìí dé gbòǹgbò ni ohùn wọn wà níbì kan tí ọmọ ọmọ wa yóò ti rí i?

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi. Ìyá àgbà kan wà ní Òkèlélé, níbi tí àwọn obìnrin wa ti ń mọ ìkòkò. Mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi gbọ́ orúkọ oríṣiríṣi amọ̀ àti oríṣiríṣi ìkòkò láti ẹnu ẹni tí ó ti ń fi ọwọ́ mọ wọ́n láti ìgbà ọmọdé rẹ̀. Mo lọ ra máìkì olówó gọbọi. Ẹni tí ó tà á fún mi búra pé irú rẹ̀ ni wọ́n ń lò ní ilé-iṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀. Mo gbé e kalẹ̀ sórí àpótí, ó tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí ibi tí ìyá jókòó sí, mo sì bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Nígbà tí mo délé tí mo fetí sí i, mo gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, mo gbọ́ ọ̀kadà, mo gbọ́ adìẹ, mo gbọ́ igi tí wọ́n fi ń lu amọ̀. Ohùn ìyá wà lẹ́yìn gbogbo wọn, bí ohùn ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì. Mo ní n óò padà lọ. Iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ kò jẹ́ kí n ráyè, oṣù sì ń gorí oṣù. Nígbà tí mo fi máa padà dé ibẹ̀, wọ́n ti ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ ìyá.

Máìkì náà kò bàjẹ́, ó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Èmi ni mo yàn án láìbèèrè ohun tí ó yẹ kí n bèèrè. Nítorí náà, gbogbo ohun tí n óò sọ ní alẹ́ yìí dá lórí ìbéèrè méjì péré. Èkíní: ǹjẹ́ ohùn yóò já gaara? Èkejì: ǹjẹ́ ohùn náà yóò ṣì wà ní ìkáwọ́ wa lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá? Ẹ̀rọ tàbí ibùgbé tí kò bá lè dáhùn ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹwà rẹ̀ tàn yín jẹ.

Kí a tó ná kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo yàrá. Ògiri sìmẹ́ńtì, ilẹ̀ táìlì àti fèrèsé gíláàsì kì í gba ohùn sára. Ńṣe ni wọ́n ń jù ú padà. Ìdí nìyẹn tí kíláàsì òfìfo fi ń dún bí inú kànga. Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan péré láàárín yàrá. Bí ìró náà bá ń tẹ̀lé ara rẹ̀ kí ó tó parẹ́, yàrá náà kò dára fún iṣẹ́ yìí. Ẹ wá èyí tí ó ní bẹ́ẹ̀dì, kápẹ́ẹ̀tì, kọ́tìnì nínípọn àti aṣọ tí a fi kọ́, nítorí pé aṣọ ni ó ń gbé ohùn mì. Ẹ pa fáànù, ẹ yọ wáyà fíríìjì, ṣùgbọ́n ẹ fi kọ́kọ́rọ́ yín sórí fíríìjì náà kí ẹ má baà gbàgbé láti tàn án padà. Ẹ mọ àkókò ìrun ní àdúgbò yín, kí ẹ má baà bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí ìgbà tí ìpè yóò dún láti mọ́ṣáláṣí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Bí òjò bá sì ṣú, ẹ sún un síwájú. Ó ṣòro fún sọ́fítíwíà láti yọ ìró òjò orí páànù kúrò lára ọ̀rọ̀ láìba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Ó wá kan máìkì. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù níhìn-ín kò ní owó nínú: bí ẹnu ṣe súnmọ́ máìkì tó ni. Bí a bá sọ àlàfo tí ó wà láàárín ẹnu àti máìkì di ìlọ́po méjì, agbára ohùn tí ó dé ọ̀dọ̀ máìkì yóò dínkù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ tí ó wà ní ìta kò mọ̀ pé a sún; ariwo tirẹ̀ yóò dúró bí ó ti wà. Òun ni ó ṣẹlẹ̀ ní Òkèlélé. Ká ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan ni mo fi jìnnà sí ẹnu ìyá, fóònù lásán ìbá ti gba ohùn rẹ̀ dáadáa ju máìkì olówó gọbọi náà lọ.

Oríṣi máìkì méjì ni ẹ óò máa gbọ́ orúkọ wọn. Èkíní ni kọndẹ́nsà. Ó máa ń gbọ́ ohun wẹ́wẹ́wẹ́, ó sì nílò iná díẹ̀ láti ibòmíràn kí ó tó ṣiṣẹ́. Yàrá tí ó dákẹ́ rọ́rọ́ ni ibùjókòó rẹ̀. Èkejì ni dáínámíìkì. Òun ni irú èyí tí oníwàásí àti olórin ń fi ọwọ́ dì mú. Ó fẹ́ kí ẹnu súnmọ́ òun, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ka ariwo òkèèrè sí. SM58 tí ilé-iṣẹ́ Shure ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 1966 wà lára irú èyí. Wọ́n ṣì ń tà á títí di òní. Fún ìlú tí jẹnẹrétọ̀ àti ọ̀kadà ti ń dún láti òwúrọ̀ di alẹ́, dáínámíìkì ni mo máa ń gbà wá nímọ̀ràn láti rà.

Ọ̀nà méjì ni máìkì ń gbà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Àwọn kan ní okùn USB tí a kàn ń kì bọ inú kọ̀ǹpútà. Àwọn mìíràn ní okùn ẹlẹ́nu mẹ́ta tí à ń pè ní XLR, a sì ní láti ra ẹ̀rọ mìíràn tí yóò wà láàárín rẹ̀ àti kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó ń bẹ̀rẹ̀, kí ó ra oní-USB. Tàbí kí ó ra èyí tí ó ní ẹnu méjèèjì bíi Samson Q2U, kí ó má baà di pé ó tún máìkì rà nígbà tí iṣẹ́ bá gbòòrò. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní kọ̀ǹpútà, máìkì kékeré tí a ń fi há ọrùn aṣọ, tí okùn rẹ̀ wọ inú fóònù, tó o. Ẹ ti ìpè fóònù pa, kí ẹni tí ó ń wá yín má baà já lu ọ̀rọ̀ àgbà.

Ẹ má ṣe gbàgbé ohun tí a fi ń bo etí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń náwó sórí máìkì, wọn kì í sì í gbọ́ ohun tí máìkì náà ń gbọ́ àfi ìgbà tí iṣẹ́ bá ti parí. Ẹ gba ìdajì ìṣẹ́jú sílẹ̀, ẹ dá a dúró, ẹ fi etí yín gbọ́ ọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ká ní mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ yẹn ni, ǹ bá má sọ ìtàn tí mo sọ yìí. Ní ti iná, ẹ jẹ́ kí bátìrì máa gbé iṣẹ́ yín. Kọ̀ǹpútà alágbèéká, fóònù tàbí ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ kékeré lè parí iṣẹ́ wákàtí kan láìbèèrè iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bí ẹ bá ti fi iná sí bátìrì rẹ̀ kún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn tí a ti gba ohùn sílẹ̀, sọ́fítíwíà ni abẹ tí a fi ń tọ́jú rẹ̀. Olówó wà, ọ̀fẹ́ sì wà. Èyí tí mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni Audacity. Ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà ni Dominic Mazzoni àti Roger Dannenberg ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní ọdún 1999. Ó jáde fún gbogbo ayé ní ọdún 2000. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà onírúurú, kódà lórí èyí tí kò lágbára púpọ̀. Kò sí lórí fóònù, ṣùgbọ́n a lè fi fóònù gba ohùn, kí a sì gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ láti tọ́jú rẹ̀.

Iṣẹ́ mẹ́rin ni kí olùbẹ̀rẹ̀ kọ́. Kí ó mọ bí a ti ń gé ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin tí kò wúlò. Kí ó mọ bí a ti ń dín ariwo tí kò dáwọ́ dúró kù. Fún èyí, kí ó gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, kí sọ́fítíwíà lè mọ ohun tí yóò yọ. Kí ó mọ bí a ti ń mú kí ohùn àlejò àti ohùn olóòtú dọ́gba, kí olùgbọ́ má baà máa fi ọwọ́ gbé e sókè gbé e sílẹ̀. Kí ó sì mọ bí a ti ń sọ ọ́ di fáìlì tí yóò jáde. Ìkìlọ̀ kan wà o. Àwọn sọ́fítíwíà kan ní bọ́tìnnì tí ó ń gé gbogbo ìdákẹ́jẹ́ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ lórí ọ̀rọ̀ àgbàlagbà. Bí àgbà bá pa ìlàjì òwe tí ó dákẹ́, iṣẹ́ ni ìdákẹ́jẹ́ yẹn ń ṣe. Ó ń dúró de wa kí a fi ọkàn parí ìyókù. Ẹni tí ó bá gé e ti gé ara òwe náà dànù.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò díẹ̀, nítorí pé owó dátà olùgbọ́ wa wà nínú rẹ̀. Bí a bá gba ohùn ẹnì kan sílẹ̀ ní WAV, èyí tí ó pé tí kò sì pàdánù ohunkóhun, wákàtí kan yóò tó nǹkan bí mẹ́gábáìtì 318. Bí a bá sọ wákàtí kan náà di MP3 ní ìwọ̀n kílóbíìtì 128 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò di mẹ́gábáìtì 57.6. Bí a bá sì lo ìwọ̀n 64, yóò di 28.8 péré, ètò ìdajì wákàtí yóò sì jẹ́ 14.4. Fún ètò tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, tí kò sí orin nínú rẹ̀, ìwọ̀n 64 tó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ra dátà pẹ́pẹ̀pẹ́ ní Táńkẹ̀ yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n WAV ni kí ẹ fi pamọ́ sílé. MP3 ni aṣọ òde, WAV ni ara. Bí aṣọ bá ya, a ó rí ara dá òmíràn fún.

Ibùgbé ni ó kù, òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í yé. Àwọn kan rò pé inú Apple ni ètò wọn ń gbé nítorí pé níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ètò náà ń gbé lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan tí ó ń pa fáìlì mọ́, òun ni mo ń pè ní ibùgbé. Ibùgbé yìí ni ó ń kọ ìwé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní RSS, tí ó ń to orúkọ ìpín kọ̀ọ̀kan àti ibi tí a ti lè rí i. Apple àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dàbí pátákó ìpolówó tí wọ́n ń ka ìwé náà fún olùgbọ́. Ẹni tí ó bá ni ìwé yẹn ni ó ni ètò. Libsyn wà lára àwọn ibùgbé tí ó pẹ́ jù, láti ọdún 2004, owó ni wọ́n sì ń gbà. Ọ̀kan tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015 pẹ̀lú orúkọ Anchor. Spotify rà á ní ọdún 2019, ó yí orúkọ rẹ̀ padà ní ọdún 2023, ó sì tún yí i padà ní ọdún 2024.

Ẹ rí i pé ilé ayé yìí kì í dúró sójú kan. Stitcher tí àwọn ènìyàn ti ń gbọ́ ètò kógbá sílé ní ọdún 2023. Google Podcasts tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018 tẹ̀lé e ní ọdún 2024, bẹ́ẹ̀ òkúta ńlá sì ni Google. Àwọn tí ìwé RSS wọn wà lọ́wọ́ wọn kò sunkún. Olùgbọ́ wọn kàn lọ gbọ́ wọn níbòmíràn ni. Ṣùgbọ́n mo mọ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó fi ímeèlì tí ilé-ẹ̀kọ́ fún un ṣí ibùgbé ètò rẹ̀. Nígbà tí ó jáde ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n ti ímeèlì náà pa. Nígbà tí ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀ sọnù, kò sí ọ̀nà tí yóò gbà wọlé. Ètò rẹ̀ ń bẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lójú gbogbo ayé, òun tí ó bí i kò sì lè fọwọ́ kàn án.

Nítorí náà, kí ẹ tó yan ibùgbé, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin. Ṣé ó ń fún mi ní ìwé RSS tèmi? Bí mo bá fẹ́ kó jáde, ṣé yóò darí àwọn olùgbọ́ mi sí ibùgbé tuntun? Bí mi ò bá rí owó san lóṣù kan, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí fáìlì mi? Ta ni ímeèlì tí a fi ṣí i jẹ́ tirẹ̀? Bí ó bá jẹ́ ètò ẹ̀ka ilé-ẹ̀kọ́, kí ó jẹ́ ímeèlì ẹ̀ka náà, kí ènìyàn méjì ó kéré tán sì mọ ọ̀nà àtiwọlé. Lẹ́yìn èyí, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ibùgbé kankan nìkan. Kí ẹ̀dà kan wà lórí kọ̀ǹpútà yín, kí òmíràn wà nínú ẹ̀rọ ìpamọ́ ní ilé ẹlòmíràn. Fún ohùn àwọn àgbà tí a fẹ́ kí ó pẹ́, Internet Archive, èyí tí Brewster Kahle dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1996, ń gba irú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, bí ẹni tí ó ni ohùn bá ti fọwọ́ sí i pé kí gbogbo ayé gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sí yìí ṣe pàtàkì. Ohùn ènìyàn kì í ṣe ẹrù ojú ọ̀nà. Ẹ sọ fún àgbà ibi tí ohùn rẹ̀ ń lọ, ẹ sì gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ sínú ohùn fúnra rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé, òbí rẹ̀ ni kí ẹ bi. Ẹ má sì ṣe gé orin dadakúàdà kan láti fi ṣí ètò nítorí pé olórin ti kú. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti ilẹ̀ wa ti ọdún 2022 ṣì ń dáàbò bo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ó jogún rẹ̀. Onílù kan ní àdúgbò yín lè lu ìlù ìṣẹ́jú kan fún yín, kí ẹ san owó rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó gbà.

Ní àkótán, èyí ni ìmọ̀ràn mi fún olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Fóònù tí ẹ ní, máìkì kékeré kan tí a ń fi há aṣọ, yàrá tí aṣọ wà nínú rẹ̀, Audacity, ibùgbé ọ̀fẹ́ tí ó fún yín ní RSS, àti ẹ̀dà méjì nípamọ́. Ẹ ṣe ìpín mẹ́ta tán kí ẹ tó kéde èkíní, nítorí pé ọ̀pọ̀ ètò ni ó ń kú sí ìpín kejì. Nígbà tí ìpín kẹwàá bá jáde, tí ẹ sì rí i pé iṣẹ́ yìí ti wọ̀ yín lára, ẹ lọ ra dáínámíìkì.

Mo ṣì ní ohun tí mo gbà sílẹ̀ ní Òkèlélé lọ́jọ́ náà. Nígbà mìíràn mo máa ń gbìyànjú láti yọ ariwo jẹnẹrétọ̀ kúrò, mo sì máa ń gbọ́ orúkọ amọ̀ kan tàbí méjì. Ìyókù ti bá ìyá lọ. Bí àgbà kan bá wà ní agbo ilé yín tí ẹ ti ń sọ pé ẹ óò lọ bá jókòó ní ọjọ́ kan, ẹ má dúró de ẹ̀rọ tí ó dára jù. Ẹ mú fóònù yín, kí ẹ súnmọ́ wọn.

 Ó kù sọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ mi méjèèjì.